Google Search Console: mo ti lò ó fún wẹ́ẹ̀sáìtì gàrí Ìjẹ̀bú, bó ṣe rí rèé

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí wẹ́ẹ̀sáìtì, tó ń wá a lórí Google tí ò rí i, ẹ má tíì lọ sanwó fún ẹnikẹ́ni o. Ẹ kọ́kọ́ ṣí Google Search Console ná. Ọ̀fẹ́ ni, Google fúnra wọn ló ni ín, Webmaster Tools ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí orúkọ ẹ̀ padà ní 2015. Wẹ́ẹ̀sáìtì kékeré tá a ṣí fún ọjà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ń fi í tọ́jú, gàrí ni wọ́n ń tà n'Íjẹ̀bú-Òde níbí, wọ́n sì tún ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ṣàgámù, mo wá ní kí n sọ ibi tó ti dáa àti ibi tó ti ń bí mi nínú.

Kí n tètè là á mọ́lẹ̀: kì í gbé wẹ́ẹ̀sáìtì ẹnikẹ́ni sókè. Àwọn kan rò pé bí wọ́n bá ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ojú ewé kìíní Google ti di tiwọn nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí Google ń rí nígbà tó bá wo wẹ́ẹ̀sáìtì yín ló máa fi hàn yín, ó kù sọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ ṣàtúnṣe.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó máa bi yín pé Domain ni àbí URL prefix. Ẹ mú Domain. Ó máa gba pé kẹ́ ẹ lọ síbi tẹ́ ẹ ti ra orúkọ wẹ́ẹ̀sáìtì yín kẹ́ ẹ lẹ TXT record kan (ọ̀rọ̀ tó ń fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín) mọ́ DNS, ìyẹn àkọsílẹ̀ orúkọ wẹ́ẹ̀sáìtì yín, ó máa ń ba èèyàn lẹ́rù tó bá kọ́kọ́ rí i, àmọ́ kò ju kẹ́ ẹ ṣe kọ́pì ọ̀rọ̀ gbọọrọ kan kẹ́ ẹ sì lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, àǹfààní ẹ̀ ni pé èyí tó ní www àti èyí tí ò ní in, http àti https, gbogbo ẹ̀ ló máa kó papọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún un ní sitemap, ìyẹn àkójọ àdírẹ́sì àwọn ojú ewé yín. Tó bá jẹ́ WordPress, ohun èlò tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ́ wẹ́ẹ̀sáìtì, lẹ̀ ń lò, ẹ ò ní láti ra nǹkan kan, láti WordPress 5.5 tó jáde ní 2020 ló ti ń ṣe sitemap fúnra ẹ̀, ẹ kàn kọ wp-sitemap.xml síbi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, ó tán.

Ibi tó ti kọ́kọ́ gbà wá sílẹ̀ nìyí. Ọmọkùnrin tó bá wa kọ́ wẹ́ẹ̀sáìtì yẹn ti gbowó ẹ̀ tán, ó ti bá tiẹ̀ lọ, àwa ń retí Google, Google ò sọ̀rọ̀. Mo kọ site: mo fi àdírẹ́sì wa tì í lẹ́yìn nínú Google, òfo. Ni mo bá gbé àdírẹ́sì náà sínú URL Inspection, ibi tí Search Console ti ń yẹ ojú ewé kan wò, ló bá kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé "URL is not on Google", mo wo ìdí ẹ̀ nísàlẹ̀, mo rí "Excluded by 'noindex' tag". Ẹ gbà mí o, wẹ́ẹ̀sáìtì tá a sanwó ẹ̀ ló ń sọ fún Google pé kó má wọlé! Ẹ lọ sínú WordPress, Settings, ẹ tẹ Reading, ẹ máa rí àpótí kékeré kan nísàlẹ̀ tó sọ pé "Discourage search engines from indexing this site". Ọmọkùnrin yẹn ti máàkì ẹ̀ nígbà tó ń kọ́ wẹ́ẹ̀sáìtì lọ́wọ́, ìyẹn ò burú, ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kó yọ ọ́ kó tó gba báláǹsì ẹ̀. Mo pè é, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ní sùúrù, Google máa ń pẹ́ ni." Mi ò bá a jà, mo yọ máàkì náà, mo padà sí Search Console, mo tẹ Request indexing, ìyẹn bọ́tìnì tí wọ́n fi ń ní kí Google wá wo ojú ewé.

Request indexing yìí náà, ẹ má sọ ọ́ di àdúrà. Google fúnra wọn sọ pé ó lè gbà tó ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó wá wo ojú ewé, àti pé téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ léraléra fún ojú ewé kan náà, kò lè mú un yá. Iye tẹ́ ẹ lè tẹ̀ lóòjọ́ gan-an ní òdiwọ̀n. Bí wọ́n bá sì wá wò ó tán, wọn ò ṣèlérí pé wọ́n máa gbà á wọlé.

Ó ṣẹlẹ̀ sáwa náà. Ojú ewé àkọ́kọ́ wọlé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ò wọlé, wọ́n kọ "Crawled - currently not indexed" sí i lára. Ìtumọ̀ ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni pé a ti dé ibẹ̀, a ti wò ó, a ò tíì rí ìdí tá a fi máa gbà á. Mo lọ wo àwọn ojú ewé náà, mo sì gbà fún wọn. Gàrí kóńgò kan ní ojú ewé tiẹ̀, kóńgò márùn-ún ní tiẹ̀, ìdajì àpò ní tiẹ̀, odidi àpò ní tiẹ̀, fọ́tò kan náà, ìlà ọ̀rọ̀ kan náà, iye owó nìkan ló yàtọ̀. Kí ni Google fẹ́ fi ṣe? A kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú ewé kan, mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kí wọ́n máa sọ ọ́ kí n máa kọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń bẹ ẹ̀gẹ́, bí wọ́n ṣe ń rìn ín, bó ṣe máa wà nínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan dáadáa, bí wọ́n ṣe ń fún omi ẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó kù ú, tí wọ́n á wá yan án láìfi epo pupa sí i, ìdí tó fi ń gbẹ ṣánṣán tó sì lè pẹ́ nílé láìbàjẹ́. Wọ́n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún oníbàárà nínú ọjà Òkè-Ajé, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́. Ojú ewé yẹn wọlé, òun ló sì ń bá wa ṣiṣẹ́ jù títí dòní.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni Performance. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn tẹ̀ sínú Google kó tó gbé wẹ́ẹ̀sáìtì yín jáde fún wọn, iye ìgbà tó jáde, iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, àti ipò tó wà. Èmi tí mo rò pé "gari ijebu" la máa fi jẹun! Lórí ọ̀rọ̀ yẹn, a wà lẹ́yìn lẹ́yìn níbi tẹ́nikẹ́ni ò lè dé, àwọn ọjà ńláńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì àti ilé ìròyìn ló kún iwájú bámúbámú, wẹ́ẹ̀sáìtì tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ò lè tì wọ́n kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ni mo ti ń rí àwọn ọ̀rọ̀ gígùn gígùn, ẹnì kan ń béèrè bí wọ́n ṣe ń dá ojúlówó gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀, ẹlòmíì ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Ṣàgámù, ẹlòmíì fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè gbé e wá sí Ìbàdàn, lórí àwọn wọ̀nyẹn a ò jìnnà sójú ewé kìíní rárá. Ọ̀rọ̀ wọn gan-an ni mo mú, mo sì dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ewé wa. Mo tún rí i pé orúkọ tí Google ń kọ fún wa ni "Home", ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló máa tẹ Home nígbà tó ń wá gàrí? Mo yí i sí gàrí Ìjẹ̀bú kíkan, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ sì pọ̀ sí i. Inú àpótí táwọn kan ń pè ní meta keywords, níbi tí wọ́n ti ń to àwọn ọ̀rọ̀ pamọ́ sẹ́yìn ojú ewé, ẹ má da ara yín láàmú kọ nǹkan kan síbẹ̀, láti 2009 ni Google ti sọ pé àwọn ò lò ó.

Search Console tún máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ oṣù 16. Ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè má rí ohun tó dùn níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá la máa ń ṣe Òjúde Ọba, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lókè òkun àti l'Ékòó ló ń wálé, gbogbo wọn ló sì ń gbé gàrí padà. Iléyá kì í dúró sójú kan, ọdọọdún ló ń fi bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń wo oṣù nìkan máa ṣì í ṣírò. Ọpẹ́lọpẹ́ oṣù 16 yìí, mo lè gbé ọ̀sẹ̀ Iléyá èṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tọdún yìí kí n mọ ìgbà tó yẹ kójú ewé tuntun ti wà nílẹ̀.

Àmọ́ o, ẹ má jẹ́ kí impressions, ìyẹn iye ìgbà tẹ́ ẹ jáde, tàn yín. A kọ ojú ewé kan lórí bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́, kíá ló gbé graph sókè, àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń rí i, inú wa dùn, ẹ̀gbọ́n mi wá bi mí pé "Mélòó nínú wọn ló ra gàrí?" Ọmọ Ìjẹ̀bú lẹ rí yẹn, ibi owó lọkàn wọn wà. Kò sẹ́ni tó rà.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta ojú ewé kìíní wá kù. Àwọn kan wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù Ṣàgámù, wọ́n wọ súùtù, wọ́n láwọn máa gbé wa dé ipò kìíní kíákíá, àwọn á fún wa ní líǹkì rẹpẹtẹ, ìyẹn kí àwọn wẹ́ẹ̀sáìtì míì máa tọ́ka sí tiwa. Google ti kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà ipò kìíní lọ́dọ̀ àwọn, wọ́n sì ka ríra líǹkì láti fi gòkè sí màgòmágó. Ńṣe ló dà bí ẹni tó háyà èrò kí wọ́n wá tò síwájú ìsọ̀ ẹ̀. Líǹkì tó ṣe wá láǹfààní, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ló fi sórí wẹ́ẹ̀sáìtì tiwọn torí pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń ra gàrí ìpàdé wọn, kọ́bọ̀ ò jáde lápò wa. Mo bi àwọn onísúùtù yẹn bóyá wọ́n lè fi Search Console oníbàárà wọn kan hàn mí, wọ́n ní àṣírí iṣẹ́ ni. Ó dàbọ̀.

Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù tójú rí, tó jẹ́ pé ará àdúgbò ló ń wá, kó fi Google Business Profile kún un, òun náà lọ́fẹ̀ẹ́ ni, òun ni wọ́n ń pè ní Google My Business títí di 2021. Ó ní bó ṣe ń wo nǹkan, bóyá ohun tẹ́ ẹ ń tà bá ohun tí wọ́n ń wá mu, bẹ́ ẹ ṣe jìnnà sí ẹni tó ń wá a tó, àti bí wọ́n ṣe mọ̀ yín sí. Ẹni tó dúró ní Sábó ní Ṣàgámù tó ń wá gàrí máa rí wa lórí máàpù ṣáájú ọjà ńlá kankan, wẹ́ẹ̀sáìtì nìkan ì bá ti pẹ́ kó tó ṣe ìyẹn fún wa.

Ohun tó ń bí mi nínú nípa Search Console: lórí fóònù, gbogbo ẹ̀ há gádígádí, ẹ máa fọwọ́ fa tébù sọ́tùn-ún sósì títí, kọ̀ǹpútà ló yẹ ẹ́. Iye tó ti dúró dáadáa níbẹ̀ kì í ṣe tòní, ó sábà máa ń fi bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta pẹ́. Wọ́n tún máa ń fi díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn wá pamọ́, wọ́n ní nítorí àṣírí wọn, ìyẹn sì máa ń pọ̀ fún wẹ́ẹ̀sáìtì kékeré bíi tiwa tí ẹni tó ń wá a ò tíì pọ̀. Àti Gẹ̀ẹ́sì yẹn! "Discovered - currently not indexed" àti "Crawled - currently not indexed", ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyálọ́jà kí n gbọ́.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ lọ ṣí Bing Webmaster Tools náà (irú ẹ̀ fún Bing, ibi ìwákiri Microsoft), ó ní bọ́tìnì tó máa kó gbogbo ẹ̀ wọlé láti inú Search Console, ẹ ò ní tún TXT kankan lẹ̀ mọ́.