Tréníìn àwọn ọ̀gá tí mo lọ ní Bódìjà: ẹ fi àárọ̀ sílẹ̀, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ

Mi ò ní dárúkọ wọn o, mi ò fẹ́ wàhálà. Tréníìn ọlọ́jọ́ kan ni, 15,000 náírà, họ́ọ̀lù kan ní Bódìjà, Ìbàdàn, wọ́n ní àwọn máa kọ́ wa bí ọ̀gá ṣe ń fetí sílẹ̀ àti bó ṣe ń fi ojú, ọwọ́ àti ìdúró sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ń bójú tó bẹ́kẹ́rì àbúrò màmá mi, èèyàn mọ́kànlá ló wà lábẹ́ mi, ìdí tí mo ṣe lọ nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni tó kọ́ wa láàárọ̀, kóòtù ẹ̀ mọ́, gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ dùn, àmọ́ síláìdì àkọ́kọ́ tó gbé síta ló ti ní ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún ohun téèyàn ń sọ kì í tẹnu jáde. Rárá o! Albert Mehrabian, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ọmọ èèyàn, tó ṣèwádìí tí wọ́n ti mú 93 yẹn ní 1967, ohun tó ń wò ni pé tí ọ̀rọ̀ ẹnu, ohùn àti ojú ò bá bára mu, èwo nínú wọn làwọn èèyàn máa fi mọ̀ bóyá ẹni yẹn fẹ́ràn wọn àbí kò fẹ́ràn wọn. Ibẹ̀ ni 7 fún ọ̀rọ̀, 38 fún ohùn, 55 fún ojú ti jáde. Tó bá jẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, kó wá fojú sọ iye àpò fúláwà tá a máa rà fún mi ká wò ó. Obìnrin kan wá nawọ́, ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ọ̀gbẹ́ni ń tẹ fóònù, ó ń ṣe "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n". Níbi tréníìn ìfetísílẹ̀! Àwa tí bàbá wa ń fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò, tẹ́ni tó gbà á á sì mọ̀ pé ọkàn ẹni tó rán an ń fà sóun.

Ọ̀sán ló wá yàtọ̀. Màmá nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló gbà á, wọn ò lo síláìdì kankan. Wọ́n ní ká jókòó ní méjì-méjì, kẹ́nì kan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kẹ́nì kejì má lanu rárá, tó bá yá kó wá sọ ohun tó gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta gùn! Ẹnu ń yún mi. Káfíńtà kan ni wọ́n fi mí tì, ó ń sọ bí ọmọṣẹ́ ẹ̀ ṣe já a sílẹ̀ láàárín iṣẹ́. Nígbà tó kàn mí, mo ka gbogbo ẹ̀ pátá, owó, ọjọ́, iye àga tó kù. Màmá tó ti dúró lẹ́yìn wa ní, "Kí lọwọ́ ẹ̀ ń ṣe nígbà tó mẹ́nu ba ìyàwó ẹ̀?" Mi ò tiẹ̀ rántí pé ó mẹ́nu ba ìyàwó kankan. Òrùka ló ń yí, ó ń yí i ṣáá. Ìyàwó ẹ̀ wà lọ́sibítù lọ́sẹ̀ yẹn. Ojú tì mí.

Mọ́ńdè tí mo dé bẹ́kẹ́rì, mo rí i pé ọmọ tó ń po fúláwà ń fọwọ́ òsì gbé páànù, mo bi í, ó ní kò sí nǹkan, mo dákẹ́ àmọ́ mi ò kúrò níbẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní ọrùn ọwọ́ òun ti ń wú láti ọ̀sẹ̀ méjì. Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ la jọ ń kíra o.

Ìrẹsì wọn tutù, ẹran le, éésì ń ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá lè dúnàá dúrà kẹ́ ẹ san ìdajì, aago kan ni kẹ́ ẹ wọlé.

Orúkọ mi tí wọ́n kọ sórí sàtìfíkéètì, wọ́n kọ ọ́ ṣòdì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi wáṣáàpù ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n ti kà á, àmì búlúù ti yọ, kò tíì sẹ́ni tó dáhùn.