Ìwé Àṣẹ A àti B fún Agẹṣin Tí Kì Í Gbowó

Ní Brítéènì, oríṣi ìwé àṣẹ méjì ni BHA, àjọ tó ń ṣàkóso ìje ẹṣin, ń fún àwọn tó ń gun ẹṣin láìgbowó. Ẹni tó gba A kò lè wọ ìje kankan àfi èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú wọn. Ẹ má fojú kéré ìyẹn o: ìje Foxhunters' ti pápá Aintree wà lára wọn, ìdènà Grand National, ìje onífífò tó lókìkí, gan-an ni ẹṣin sì ń fò níbẹ̀.

B ló fẹ̀ jù. Ẹni tó ní in lè bá àwọn tó fi ẹṣin gígùn ṣe iṣẹ́ òòjọ́ díje nínú ìje onífífò. Sam Waley-Cohen kì í gbowó, síbẹ̀ ó gun Noble Yeats, ẹṣin bàbá rẹ̀, borí wọn nínú Grand National 2022. Àmọ́ nínú ìje Flat, ìyẹn ìje eré sísá tí kò ní ìdènà, tọ́wọ́ tẹsẹ̀ B ṣì wà nínú okùn: ti àwọn aláìgbowó nìkan ni.

Ọmọ ọdún 16 lè béèrè, tí dókítà bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ní tèmi, kí ẹni tuntun kọ́kọ́ gba A, nítorí wọ́n máa ń wo ìrírí kí wọ́n tó fúnni ní B.