Fíláàṣì kékeré àti iná oníbátìrì ńlá: èwo ni kí ẹ rà fún àwòrán ìrọ̀lẹ́?

Ẹni tó bá ń ya tọkọtaya níta nígbà tí oòrùn ń wọ̀ mọ wàhálà yìí. Bí ẹ bá ṣètò kámẹ́rà kí ojú ọ̀run lè pupa fòò, ojú ìyàwó á dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí ẹ bá tìtorí ojú ìyàwó ṣí i sílẹ̀, ọ̀run á funfun báláú, ohun tí ẹ wá dé ibẹ̀ fún á sì ti bọ́. Iná tí a gbé dúró lọ́tọ̀ sí kámẹ́rà ló ń tán an. Ìbéèrè tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin níbí ń bi mí ni pé èwo ni kí àwọn fowó rà: fíláàṣì kékeré tó ń lo bátìrì AA mẹ́rin, àbí iná oníbátìrì ńlá, irú Godox AD200? Mo fi èkíní ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin. Èkejì ló wà lọ́wọ́ mi báyìí.

Agbára ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, mi ò sì ní pẹ́ lórí ẹ̀. Fíláàṣì kékeré ní nǹkan bí 60 sí 75 watt-second, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tí iná ń lò bó bá tàn lẹ́ẹ̀kan. AD200 ní 200. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta.

Ohun tó gbowó lọ́wọ́ mi ni ìdúró, ìyẹn àkókò tí iná fi ń kún padà lẹ́yìn tó bá ti kọ yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan, tọkọtaya kan wá láti Ọ̀fà pé kí n ya àwọn létí dáàmù Asà. Ìyàwó ti lo wákàtí mẹ́ta nídìí mákéèpù àti gèlè. Mo ki bátìrì tuntun mẹ́rin bọ fíláàṣì, èyí tí mo rà ní ìsọ̀ kan lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ló kọ́kọ́ ń gbà kó tó kún. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì àwòrán, ó di mẹ́jọ, kò pẹ́ ó di méjìlá. Ọkọ gbé ìyàwó rẹ̀ sókè, ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni ò ní kó rín bọ́ sí i lójú, mo tẹ kámẹ́rà, iná ò tàn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò padà wá. Nígbà tó yá, fíláàṣì gbóná, ó ti ara rẹ̀ pa. Màmá ìyàwó tó bá wọn wá rọra bi mí pé, “Bọ̀ọ̀dá Fótò, ṣé kí a máa lọ ni?” Àwòrán mọ́kànlá péré ló ṣeé fún wọn. Mo dá ìdajì owó wọn padà, mo sì gbà pé ẹ̀tọ́ wọn ni.

Ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń pẹ́ wọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìdúró yẹn má pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn olùkọ́ orí YouTube tó wà ní ìlú òyìnbó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní wákàtí kan lọ́wọ́. Ìlọrin sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé. Oòrùn tiwa kì í dẹ̀gbẹ́ wọ̀, ó ń já bọ́ lóòró ni. Tó bá ti wọ̀ tán, ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́kù kò ju ogún ìṣẹ́jú àti díẹ̀ lọ. Ní oṣù kọkànlá, ó ti wọ̀ ní nǹkan bí aago 6:20. Ní nǹkan bí oṣù kẹfà sí oṣù keje ló ń tó aago 7. Ẹ wá ro iye àwòrán tó lè jáde nínú ogún ìṣẹ́jú bí iná yín bá ń gba ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá kó tó mí.

Iná ńlá ń kún láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì bí ẹ bá lo gbogbo agbára rẹ̀, bátìrì rẹ̀ kan sì ń ṣe bí 500 àwòrán bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ibi tí èrè rẹ̀ wà gan-an rèé: iṣẹ́ tí fíláàṣì kékeré fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ ṣe, ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ló máa ná iná ńlá. Nítorí náà kì í tilẹ̀ tó ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó kún padà, kì í sì í gbóná bọ̀rọ̀. Ẹ̀rín tó bá bọ́ lójú ìyàwó, ẹ ti mú un.

Bí fíláàṣì kékeré bá ti wà nílé yín, ẹ má lo bátìrì AA tí à ń lò jù nù. Ẹ ra èyí tó ṣeé ṣáájì, NiMH. Ó ń jẹ́ kí fíláàṣì tètè kún jù ú lọ, kì í sì í rẹ̀ ẹ́ kíákíá. Ẹ tún lè so fíláàṣì kékeré méjì mọ́ agbòòrùn kan, irú èyí tí ayàwòrán fi ń mú ìmọ́lẹ̀ iná rọ̀, kí ẹ fi ìdajì agbára tan wọ́n pọ̀. Ọgbọ́n gidi ni, mo lò ó fún ọdún kan.

Ti owó: owó iná ńlá kan lè ra fíláàṣì kékeré mẹ́rin.

Ti ṣáájì: níbí ni fíláàṣì kékeré ti lékè. Bí ẹ bá lọ sí Omù-Àrán tí kò sí iná mànàmáná fún ọjọ́ méjì, ẹ ṣì lè rí bátìrì AA rà. Ẹni tó bá ra iná ńlá gbọ́dọ̀ fi bátìrì kejì kún un.

Ti afẹ́fẹ́: iná ńlá wúwo, ẹ di iyanrìn sápò kí ẹ fi tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ti àwọ̀: ìmọ́lẹ̀ àwọn méjèèjì funfun ju ti oòrùn ìrọ̀lẹ́ lọ. Ẹ fi ike pẹlẹbẹ aláwọ̀ ọsàn bò ó lójú, kí ojú ìyàwó má baà dà bí ẹni tí wọ́n gé láti inú àwòrán míì lẹ̀ mọ́bẹ̀.

Aṣọ òfì tí wọ́n hun òwú dídán mọ́, tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ Ìlọrin, máa ń ta ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí. Agbòòrùn ńlá tó sún mọ́ ènìyàn ló ń rọ̀ ọ́, òun náà ló ń jẹ́ kí awọ adúmáadán dán láì dà bí ẹni tí òróró dà sí lára. Agbòòrùn ńlá sì ń jẹ ìmọ́lẹ̀, iná tó lágbára ló bá a mu.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn tí oòrùn bá wọ̀ tán lẹ ń yàwòrán, tàbí inú ọyẹ́ tí eruku ti bo ojú oòrùn, fíláàṣì kékeré tó yín, ẹ má jẹ gbèsè nítorí òmíràn. Bí àwọn ènìyàn bá sì ti ń sanwó fún yín kí ẹ ya ìgbéyàwó wọn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Èyí tó wù kí ẹ rà, ẹ má tíì sanwó. Ẹ ní kí ọlọ́jà ki bátìrì sí i, kí ẹ gbé e sí agbára kíkún, kí ẹ tàn án ní ìgbà ogún léraléra, kí ẹ máa fi fóònù ka ìṣẹ́jú-àáyá tó fi ń kún. Ẹ kọ ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ ti ogún náà sílẹ̀.