Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wakọ̀ lọ sùn sétí òkun láti Abẹ́òkúta, ẹ kọ́kọ́ yà ní ṣọ́ọ̀bù yìí

Ẹ kú déédé ìwòyí o. Ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí ò ní síbọ́ọ̀dù gàgàrà, ẹ lè gba ọ̀nà Ọbàntókò kọjá lára ẹ̀ kẹ́ ẹ má mọ̀ pé ohun tó jùyẹn lọ wà níbẹ̀, torí táyà ni wọ́n pàtẹ síwájú, fọkanáísà sì ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ inú lọ́hùn-ún ni wọ́n kó irinṣẹ́ tí wọ́n ń háyà fáwọn tó fẹ́ wakọ̀ wọ iyanrìn sí: géèjì, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, pátákó ike eléyín tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ táyà tó bá rì, ṣọ́bìrì, okùn ìfàkọ̀, tẹ́ǹtì, gbogbo ẹ̀ pátá. Mọ́mì kan ló ni ibẹ̀, ọmọ wọn ọkùnrin ló ń bójú tó apá fọkanáísà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra táyà lọ́wọ́ wọn kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń ṣe èyí náà.

Ọ̀nà tí àwa máa ń gbà ni Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, ká gba Ẹ̀pẹ́ já sí Ẹlẹ́kọ, ká wá máa forí lé ọ̀nà Folú, níbi tí ilé ti ń dín kù títí tó fi jẹ́ pé àgbọn àti òkun nìkan lẹ ó máa rí. Gbogbo ilẹ̀ yẹn, ọ̀sà wà lẹ́yìn ẹ̀, òkun ńlá wà níwájú ẹ̀, iyanrìn tí ìgbì ń kó jọ láti ayébáyé ló sì di ilẹ̀ téèyàn ń tẹ̀ yẹn. Kò sí òkúta kankan níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, torí àwa tá a ń gun òkè Ìtòkò tá a ń sọ̀ ní Ìkẹ̀rẹ̀kú lójoojúmọ́, ohun tá a mọ̀ ni pé tọ́nà bá ti le, ọkọ̀ alágbára ló kù. Àwọn ọ̀rẹ́ mi á lọ háyà jíìpù olówó ńlá, ẹnjínnì bí ẹnjínnì, wọ́n á dé etí òkun, kò ní ju bí ìgbà téèyàn ń mu omi tán lọ, ọkọ̀ á ti jókòó sínú iyanrìn.

Afẹ́fẹ́ inú táyà ni, ẹ gbọ́ mi o. Bí ìgbà téèyàn wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga rìn lórí iyanrìn ni táyà tó le gbandi, ńṣe ló ń gbẹ́ ihò fún ara ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ afẹ́fẹ́ ẹ̀ kalẹ̀, táyà á rọ̀, á tẹ́ sílẹ̀, ibi tó ń fi tẹlẹ̀ á gùn sí i, ìwúwo ọkọ̀ á pín káàkiri, ọkọ̀ á máa gorí iyanrìn lọ dípò kó máa wọnú ẹ̀. Lójú títì, ọ̀pọ̀ jíìpù ń lo nǹkan bíi 35 PSI lórí géèjì, àmọ́ kẹ́ ẹ tó wọ iyanrìn ẹ ní láti sọ ọ́ kalẹ̀ sí 20 tàbí 18, tó bá wá rì gan-an ẹ lè dé 15. Ẹ má rò pé ẹ lè máa sọ ọ́ kalẹ̀ lọ láìlópin o, torí tó bá ti lọ sílẹ̀ jù, tẹ́ ẹ wá yí sìtiárín lójijì, táyà lè bọ́ kúrò létí rímù.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn Mọ́mì nìyí: wọn ò kàn ní gba owó kí wọ́n gbé irinṣẹ́ fún yín. Wọ́n á kọ́kọ́ bi yín, "Ọmọ mi, èèyàn mélòó ló ń lọ? Kẹ́ẹ̀gì omi mélòó lẹ gbé? Ọkọ̀ wo ni?" Ìgbà tẹ́ ẹ bá dáhùn tán ni wọ́n á tó sọ iye tẹ́ ẹ máa sọ afẹ́fẹ́ kalẹ̀ sí, torí ọkọ̀ tó kún fẹ́rù kì í gba iye kan náà pẹ̀lú èyí tó fúyẹ́. Ọmọ wọn á wá mú yín lọ sídìí táyà, á ní kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é lójú òun. Ẹ ó de géèjì mọ́ fááfù, afẹ́fẹ́ á máa sú fìì, ẹ ó máa wo ọwọ́ géèjì bó ṣe ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó bá tó, ó máa ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ ó rí i tó yọ ikùn síta nísàlẹ̀. Ó ní kójú wa mọ ikùn yẹn, torí géèjì lè bàjẹ́ lọ́nà. Mi ò tíì rí ibòmíì tí wọ́n ti fara balẹ̀ kọ́ oníbàárà báyìí nílùú wa yìí.

Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wọn wá jẹ́ oríṣi méjì. Ẹ má gba èyí kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá nínú ọkọ̀, ó ń pẹ́ bí nǹkan míì, ó sì máa ń jó fúùsì. Èyí ńlá ni kẹ́ ẹ gbà, èyí tó ní kílíìpù méjì tí wọ́n ń fi mú orí bátìrì, pupa sí ti pupa, dúdú sí ti dúdú, kẹ́ ẹ fi ẹnjínnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ kí bátìrì má bàa kú. Ẹ̀rọ yìí máa ń gbóná gan-an, ẹ jẹ́ kó sinmi tẹ́ ẹ bá fẹ́ táyà méjì tán. Ẹ má sì sọ pé ilé ò jìnnà mọ́, ká máa fi táyà tó rọ̀ yẹn lọ títí dé Ẹ̀pẹ́, kò dáa rárá, lórí títì táyà tó rọ̀ máa ń gbóná títí á fi bẹ́, ẹ̀mí ló sì ń bá a lọ. Kẹ́ ẹ tó gorí títì ni kẹ́ ẹ dúró fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà.

Pátákó eléyín yẹn dáa, ó lágbára, jíìpù tó kún fẹ́rù gorí ẹ̀ kò sì ṣẹ́. Kẹ́ ẹ ṣáà ti kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn iwájú táyà kúrò, kẹ́ ẹ wá ti pátákó náà bọ abẹ́ táyà dáadáa, kẹ́ ẹ má fún ọkọ̀ níná púpọ̀, torí tí táyà bá ń yí lásán lórí ẹ̀ ńṣe ló ń jó eyín ẹ̀ dànù. Kẹ́nikẹ́ni má sì dúró lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà yẹn o.

Nǹkan míì tí mi ò rí níbòmíì ni pé ọmọ Mọ́mì máa ń wo àsìkò òkun lórí fóònù ẹ̀, á kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì fún yín, ìgbà tómi máa kún àtìgbà tó máa fà. Ó tó nǹkan bíi wákàtí 6 kó kún, ó tún tó bẹ́ẹ̀ kó fà. Ìgbà tó bá ń fà ló yẹ kéèyàn wakọ̀, torí iyanrìn tútù tómi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ máa ń le, ọkọ̀ á sì máa sáré lórí ẹ̀ láìsí wàhálà. Tómi bá kún, etí òkun tiwa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìgbì á gba gbogbo ibi tó le yẹn, á tì yín sókè síbi iyanrìn gbígbẹ. Ẹni tó bá wá rì sójú ọ̀nà omi nígbà yẹn, Ọlọ́run ló máa yọ ọ́.

Ọmọ yìí ló tún fi fídíò erékùṣù Padre hàn mí, ní Texas l'Amẹ́ríkà, erékùṣù iyanrìn tó gùn jù láyé nínú àwọn tí wọn ò tíì kọ́lé bò. Ó lé ní 50 máìlì tí ọkọ̀ lè rìn létí òkun ẹ̀, àmọ́ máìlì 5 àkọ́kọ́ nìkan ni ọkọ̀ kékeré lè dé, lẹ́yìn ìyẹn fóò-wílì ni. Ìjàpá òkun tí wọ́n ń pè ní Kemp's ridley máa ń wá yé ẹyin síbẹ̀, wọ́n sì ń sọ fáwọn awakọ̀ kí wọ́n máa wolẹ̀ dáadáa kí wọ́n má bàa gùn ún mọ́lẹ̀. Ìjàpá òkun ń yé ẹyin sétí òkun tiwa náà, òru ni wọ́n sì sábà máa ń jáde. Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wakọ̀ lórí iyanrìn lóru, ẹ má sì tan iná ọkọ̀ sílẹ̀ kọjú sí òkun títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Ó ń dùn mí tí mo bá rí bí àwọn kan ṣe ń ṣe é, tí wọ́n tún ń fi ike àti ìgò sílẹ̀ fáwọn ará ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí kò dáa náà. Tẹ́ǹtì wọn ò dáa. Ọ̀pá ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún atẹ́gùn òkun, ọ̀kan ṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lóru, síìpù ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ò sì pa dé mọ́ tí iyanrìn bá ti wọ̀ ọ́, ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í sì í ṣeré. Irin kéékèèké tí wọ́n fi ń kàn án mọ́lẹ̀, ilẹ̀ pupa Abẹ́òkúta ló wà fún, nínú iyanrìn ńṣe ló ń fà tu. Mo sọ fún Mọ́mì, wọ́n gbọ́, wọ́n sì fún wa ní àpò ìrẹsì òfìfo nígbà tá a tún fẹ́ lọ, wọ́n ní ká bu iyanrìn sí i, ká so okùn tẹ́ǹtì mọ́ ọn, ká rì í mọ́lẹ̀ jìn díẹ̀. Ó mú un dúró digbí! Síbẹ̀ ọ̀pá yẹn kò yí padà, tẹ́ ẹ bá ní tẹ́ǹtì tiyín, tiyín ni kẹ́ ẹ gbé. Owó ìdógò náà, wọ́n fi falẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà fún mi, mo ní láti pè kí n tún pè, ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ kí àwọn ọmọ àdúgbò kẹ́ ẹ tó pàgọ́, ẹ béèrè ibi tómi kì í dé, wọ́n mọ̀ ọ́n ju fóònù lọ. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ o, òkun yẹn ń fa èèyàn lọ. Tẹ́ ẹ bá padà délé, lọ́jọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n fi omi fọ abẹ́ ọkọ̀ dáadáa, iyọ̀ ò ní fi irin sílẹ̀.

₦15,000 lójúmọ́ ni mo san fún gbogbo ẹ̀ láìsí tẹ́ǹtì, owó ìdógò lọ́tọ̀. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday, Sátidé sì rèé, èrò táyà máa ń pọ̀ débi pé ọmọ yẹn ò ní ráyè kọ́ yín, torí náà ọ̀sán Fúráídè ni kẹ́ ẹ lọ gbé e, kẹ́ ẹ sì wa ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ gbé lọ dání.