Irin tí a ń gbé láptọ́ọ̀pù lé: àbọ̀ iṣẹ́ ló ń ṣe

Ohun tó ń fa ìrora ọrùn fún ẹni tó ń fi láptọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́ nílé kò ṣòro láti rí: síkíríìnì àti kíbọ́ọ̀dù lẹ̀ mọ́ra. Bí gíga láptọ́ọ̀pù bá rọrùn fún ọwọ́, ọrùn ni yóò tẹ̀. Orí àgbàlagbà sì wúwo tó kílò 4.5 sí 5. Bó ṣe ń tẹ̀ síwájú tó ni iṣan ẹ̀yìn ọrùn ṣe ń ru ẹrù tó.

Irin aluminiọ́mù tó ṣeé ká yìí yanjú ọ̀rọ̀ gíga dáadáa. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹ gbé e sókè títí etí òkè síkíríìnì yóò fi bá ojú yín dọ́gba, tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀. Kó jìnnà sí yín tó sẹ̀ǹtímítà 50 sí 75. Ẹni tó ń lo gíláàsì olójú méjì (èyí tí apá òkè rẹ̀ wà fún ohun tó jìnnà, tí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà fún ìwé kíkà) ní láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa gbé àgbọ̀n sókè látàárọ̀ dalẹ́ kó lè rí ọ̀rọ̀ kà.

Oríkèé irin náà ni ẹ ní láti máa ṣọ́. Bí síkúrù ibẹ̀ bá dẹ̀, láptọ́ọ̀pù á máa rọra wálẹ̀, ẹ ò sì ní fura títí ọrùn yóò fi tún tẹ̀. Ẹ má sọ kọ́kọ́rọ́ kékeré onígun mẹ́fà tó bá a wá nù. Òun lẹ ó máa fi yí síkúrù náà kó le. Rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bá ń yọ̀, eruku ló mú un; aṣọ tútù ti tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀wé lórí láptọ́ọ̀pù tó wà lókè yẹn. Síkíríìnì á máa gbọ̀n, ìrora á kàn ṣí kúrò ní ọrùn lọ sí èjìká àti ọrùn ọwọ́. Kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ọ̀tọ̀ ni kí ẹ lò, kí ìgbọ̀nwọ́ fara mọ́ ẹ̀gbẹ́, kó ká ní nǹkan bíi dígírì 90. Bí owó kò bá ká gbogbo rẹ̀, a ní kí ẹ kọ́kọ́ ra kíbọ́ọ̀dù àti máòsì. Ìwé ńláńlá mẹ́ta-mẹ́rin lè gbé láptọ́ọ̀pù ró ná, kó má ṣáà dí ihò tí ooru ń gbà jáde.

Kò sí ohun tí irin yìí lè ṣe fún ojú tó ń gbẹ. Ẹni tó tẹjú mọ́ síkíríìnì kì í ṣẹ́jú tó. Ní ìṣẹ́jú 20-20, ẹ wo ohun tó jìnnà tó mítà 6 fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Síkíríìnì tó ga jù tún máa ń mú kí ìpéǹpéjú ṣí gbayawu, omi ojú á sì tètè gbẹ. Bí ojú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín lẹ́yìn tí ẹ gbé e ga, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì.