Akáǹtáǹtì tó ń bá mi tọ́jú kọ́ńpínì mi: owó-orí yé wọn, físà ni wọn kò bi mí

Iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, àyẹ̀wò sọ́fítíwìa, inú kọ́ńpínì tí èmi nìkan ni ni owó rẹ̀ sì ń wọ̀. Ilé-iṣẹ́ akáǹtáǹtì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mò ń sanwó fún lóṣooṣù ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe ni ọ̀pọ̀ irú wọn ń ṣe.

Ká yìn wọ́n síbi tó yẹ. Wọn kì í jẹ́ kí ọjọ́ kọjá lórí ẹni. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ọdún ìṣirò bá parí ni ìwé ìṣirò gbọ́dọ̀ dé Companies House, àjọ ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpínì sílẹ̀. Bó pẹ́ lọ́jọ́ kan péré, £150 ni ìtanràn, bó bá kọjá oṣù mẹ́fà, ó di £1,500. Owó-orí kọ́ńpínì, ìyẹn 19% lórí èrè tí kò ju £50,000 lọ, wọ́n á ti ṣírò rẹ̀ sílẹ̀. Bí owó tó ń wọlé bá ń sún mọ́ £90,000 láàárín oṣù méjìlá, wọ́n á kìlọ̀ pé VAT, owó-orí orí ọjà àti iṣẹ́, ti ń bọ̀. Wọ́n tún ka kọ́ńtíráàtì mi láti òkè délẹ̀ nítorí IR35, òfin tó ń wò ó bóyá òṣìṣẹ́ oníbàárà lèèyàn jẹ́ lábẹ́ aṣọ kọ́ńpínì.

Àmọ́ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi gbà mí wọlé kò béèrè irú físà tí mo ní. Fún àwa tó wá láti ilé, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gba iṣẹ́ ara ẹni rárá. Ẹni tó wà lórí Skilled Worker, físà òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ kan gbà wọlé, ọ̀gá tó gbà á wọlé ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún. Wákàtí ogún péré ni wọ́n yọ̀ǹda lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Físà Graduate, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ yege níbẹ̀, gbà á, Global Talent, ti àwọn tó ta yọ nínú iṣẹ́ wọn, gbà á, físà ọkọ tàbí aya náà gbà á. Companies House kì í yẹ físà wò kó tó forúkọ kọ́ńpínì sílẹ̀, akáǹtáǹtì náà kò sì wò ó.

Èmi ti ní ìwé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́ òpin, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ìyàwó mi wà, mo sì fẹ́ kó wá bá mi. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún oníkóówá ni pé kó gba owó oṣù £12,570 lọ́dún, kó fi ìyókù sílẹ̀ nínú kọ́ńpínì kí owó-orí lè fúyẹ́. Ó bófin mu. Àmọ́ láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní físà, ń béèrè pé kí owó tó ń wọlé lọ́dún fún ẹni tó fẹ́ mú aya wọlé tó £29,000, owó tó bá jókòó sínú irú kọ́ńpínì wa yìí kò sì sí nínú ìṣirò náà, bó ti wù kó pọ̀ tó. Owó oṣù àti dividend, ìyẹn èrè tí kọ́ńpínì pín fún ẹni tó ni ín, tí èèyàn gbà ní ọdún ìṣirò tó parí kẹ́yìn ni wọ́n ń kà. Nígbà tí mo béèrè lórí fóònù, ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn fi ọ̀wọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ físà kò sí lára iṣẹ́ wọn.

Mo bá fi dividend £17,000 lé owó oṣù mi. Ní ọdún owó-orí 2024 sí 2025, £1,443.75 ni owó-orí tó wà lórí rẹ̀. Mo san án tayọ̀tayọ̀. Ìyàwó mi ni.

Ibi tí sọ́fítíwìa wọn ti wúlò fún mi jù nìyí: ó ń tẹ voucher, ìwé ẹ̀rí, jáde fún dividend kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye. Iye yẹn gbọ́dọ̀ hàn nínú báǹkì kọ́ńpínì bó ṣe ń jáde, kó hàn nínú tèmi bó ṣe ń wọlé, kí payslip náà sì bá a mu dé orí kọ́bọ̀. Ẹ ṣọ́ra o: owó tí ẹ bá fà láìkọ ìdí rẹ̀, wọ́n á kà á sí owó tí ẹ yá lọ́wọ́ kọ́ńpínì, ẹ̀yáwó kì í sì í ṣe owó tó wọlé fún Home Office.

Ọ̀rọ̀ kí ìṣirò bára mu yìí kì í ṣe eré. Ọ̀pọ̀ àjèjì tó wà lórí Tier 1 (General), físà àtijọ́ kan fún àwọn tó mọṣẹ́ dunjú, ni wọ́n kọ̀ ní ìwé ìgbélùú nítorí pé iye tí wọ́n sọ fún Home Office ju èyí tí wọ́n sọ fún HMRC, àjọ tó ń gba owó-orí, lọ, títí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi sọ ní 2019, nínú ẹjọ́ Balajigari, pé kí wọ́n máa jẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ ṣàlàyé ara rẹ̀ kí wọ́n tó pè é ní aláìṣòótọ́.

Ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti pé sílùú Ọba, tí ìwé rẹ̀ sì ti pé, kó lò wọ́n. Ẹni tí físà rẹ̀ ṣì lọ́jọ́ òpin, kó kọ́kọ́ sanwó fún lọ́yà físà. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Bí wọ́n bá fi ìbéèrè nípa físà àti ìdílé kún fọ́ọ̀mù wọn, màá fi ìkẹrin lé e.