Ìfiwéra Rìákítọ̀ Kékeré Mẹ́ta fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Ra Iná fún Ògbómọ̀ṣọ́

Òfin Iná Mànàmáná ọdún 2023 fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti pèsè iná, kí ó pín in, kí ó sì tà á, àmọ́ àṣẹ lórí núkílíà ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, bí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tàbí àwọn oníléeṣẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ bá ń wo rìákítọ̀ kékeré (ẹ̀rọ tí ń fi agbára núkílíà pèsè iná), irú èyí tí wọ́n ń rọ ẹ̀yà rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tó wá tò ó pọ̀ níbi tí yóò ti ṣiṣẹ́, Àbújá ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà kọjá. Mẹ́ta ni mo fi wéra níhìn-ín: NuScale ti Amẹ́ríkà, BWRX-300 ti GE Vernova Hitachi, àti ti Rolls-Royce láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo yọ rìákítọ̀ Akademik Lomonosov ti Rọ́ṣíà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń ta iná ní ìlú Pevek níbẹ̀ láti ọdún 2020, nítorí pé orí òkun ni ó léfòó sí. Odò Ọbà kò lè gbé e.

Kí olùrà tó béèrè iye owó, ìwọ̀n ni kí ó yẹ̀ wò. Ẹyọ NuScale kan ń pèsè mẹ́gáwáàtì 77, BWRX-300 ń pèsè 300, ti Rolls-Royce sì ń pèsè 470. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sábà máa ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo má ṣe ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo iná tí ó wà lórí gíríìdì. Ní ọjọ́ tí gíríìdì Nàìjíríà bá gbé mẹ́gáwáàtì 4,500, ti Rolls-Royce ti kọjá ààlà yẹn. Bí ó bá kú lójijì, gíríìdì tí a mọ̀ pé kì í pẹ́ ṣubú lè bá a lọ. Méjì yòókù kò kọjá ààlà.

Lórí owó, ìtàn NuScale ni ó yẹ kí ẹ kà dáadáa, nítorí pé irú wa ni àwọn tí ó fẹ́ rà á. Àwọn ilé-iṣẹ́ iná ti àwọn ìlú kéékèèké ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà àti agbègbè rẹ̀ para pọ̀ láti kọ́ ọ sí ìpínlẹ̀ Idaho. Iye tí wọ́n ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ jẹ́ dọ́là 58 lórí mẹ́gáwáàtì-wákàtì kan, ìyẹn yúnìtì 1,000. Nígbà tí ọdún 2023 fi wọlé, ó ti di 89, pẹ̀lú ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà nínú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n fagi lé e. Bí dọ́là bá jẹ́ 1,500 náírà, 89 yẹn jẹ́ nǹkan bíi náírà 133 lórí yúnìtì kan, owó ìpèsè nìkan sì nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó fi wáyà gbé e dé ojú mítà yín. Àwọn tí ó wà ní Band A, tí yúnìtì wọn ti kọjá 200 náírà, lè máa rò ó wò.

BWRX-300 ni ó wù mí jù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà fọwọ́ sí kíkọ́ mẹ́rin sí Darlington, pẹ̀lú bílíọ̀nù 20.9 dọ́là Kánádà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí àkọ́kọ́, kí ó sì tan iná, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Kò sí ìdí tí a ó fi bá wọn san owó ẹ̀kọ́. Ti Rolls-Royce, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ní 2025, ṣì jìnnà síyẹn.

Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lo yùréníọ̀mù tí wọ́n ti ṣe ní òkè òkun. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ èyí tí ó wà nínú rìákítọ̀ ìwádìí Sáríà ní 2018, ó di dandan kí wọ́n dá ti àtijọ́ padà sí Ṣáínà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò ju bíi kílógíráàmù kan lọ. Tọ́ọ̀nù ni ti rìákítọ̀ iná. Bí olùtajà kò bá kọ ẹni tí yóò kó o lọ àti ẹni tí yóò san owó rẹ̀ sínú àdéhùn, ẹ má ṣe tọwọ́ bọ̀ ọ́.